ORÍN ÀTI KÒKÒRÒ ẸNU: Ohun Tí Ọlọ́hun Fi Sínú Igi, àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá igi, tí ó sì fi àǹfààní sí gbòǹgbò, èèpo àti ewé rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí gbogbo wa mọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń tijú rẹ̀. Ohun náà ni orín, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákò. Ẹni tí ó bá jáde ní òwúrọ̀ ní Sábó, ìbáà ṣe Sábó ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, yóò rí àwọn baba tí wọ́n ti kírun Àsùbá tán tí orín ṣì ń bẹ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n yóò ṣòro kí ó tó rí ọ̀dọ́ kan láàárín wọn. Ọmọbìnrin tí ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá orín lẹ́nu òun. Ọmọkùnrin náà rò pé ohun àgbààgbà ni, tàbí ohun ẹni tí kò rí owó ra ọṣẹ ìfọyín. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé.

Ní òdìkejì, àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti gbé orín ga ju ibi tí ó yẹ lọ. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti ń run orín kò nílò dókítà eyín láéláé. Ìhà méjèèjì yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, kí á lè mọ òtítọ́ tí ó wà láàárín wọn.

KÍ NI Ó Ń BA EYÍN JẸ́?

Bí eyín bá ń dun ènìyàn nílẹ̀ wa, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kòkòrò ń jẹ ẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdin tí a lè fi ojú rí. Àwọn alárìnkiri kan máa ń sọ pé àwọn lè fa kòkòrò jáde láti inú eyín, wọn a sì fi ìdin tín-ń-tín han aláìsàn lórí òwú. Ẹ má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Ìdin kì í gbé inú eyín. Ẹni tí ó fi í hàn ni ó mú un wá.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ẹnu. Ní ọdún 1683, oníṣòwò aṣọ kan ní ilẹ̀ Netherlands, Antonie van Leeuwenhoek, fá ìdọ̀tí funfun kúrò lára eyín ara rẹ̀, ó sì fi awò kékeré tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò ó. Ó rí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn, ó sì kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa wọn. Àwọn ni a ń pè ní bakitéríà lónìí, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún 1890, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, Willoughby Miller, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò ẹnu ń sọ oúnjẹ di omi kíkan, omi kíkan náà ni ó sì ń jẹ eyín. Nígbà tí ó di ọdún 1924, Killian Clarke, ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kòkòrò náà, ó sì sọ ọ́ ní Streptococcus mutans.

Bí iṣẹ́ ibi wọn ṣe ń lọ rèé. Lẹ́yìn tí a bá jẹun, ìdọ̀tí kan tí ó ń yọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ eyín, pàápàá ní ìdí eyín àti láàárín eyín méjì. Ilé kòkòrò ni ìdọ̀tí yìí. Bí ṣúgà, bísíkíìtì, mínírà tàbí súùtì bá wọlé, àwọn kòkòrò náà a jẹ nínú rẹ̀, wọn a sì tu omi kíkan sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi kíkan náà a máa yọ́ awọ líle tí ó bo eyín, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó le tó awọ yìí nínú gbogbo ara ènìyàn. Itọ́ ẹnu a máa fọ omi kíkan náà dànù díẹ̀díẹ̀, a sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹnu tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, ẹni tí ó ń mu mínírà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò fún itọ́ rẹ̀ láyè láti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni eyín ti ń kẹ̀, tí ihò sì ń dá sí i.

Àwọn kòkòrò mìíràn kì í bá eyín jà, èrìgì ni wọ́n ń bá jà, ìyẹn ẹran ìdí eyín. Bí ìdọ̀tí bá pẹ́ níbẹ̀, yóò gan bí òkúta, èrìgì yóò pọ́n, yóò wú, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí a kò bá ṣe nǹkan kan sí i, egungun tí ó di eyín mú yóò máa jẹrà lábẹ́lẹ̀, eyín tí kò ní ihò kankan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ọ̀pọ̀ òórùn ẹnu tí a ń fi mínítì bò mọ́lẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó ti ń wá.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ NÍNÚ ORÍN

Orín ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkíní ni iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì: orí rẹ̀ tí a ti run di fọ́nránfọ́nrán a máa gbá ìdọ̀tí kúrò. Èkejì ni iṣẹ́ oògùn: oje tí ń jáde láti inú igi náà a máa bá kòkòrò jà. Iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tí ó ṣáájú.

Ní ọdún 1971, El-Said, Fadulu, Kuye àti Sofowora, àwọn olùkọ́ nípa oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí omi tí wọ́n fún láti ara orín ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n da omi náà sí ibi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò àìfojúrí, wọ́n sì rí i pé ó ń dá wọn dúró kí wọ́n má gbèrú. Nínú irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ṣàkíyèsí ohun kan tí wọn kò wá lọ. Nínú àwọn àwo tí a fi ẹ̀jẹ̀ pò, ibi tí omi gbòǹgbò orín àtà kàn ń pọ́n fòò. Èyí ni ó mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí bóyá igi náà lè wúlò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyẹn kò sọ pé orín àtà ń wo àrùn náà sàn. Ohun tí ó fi hàn ni pé nǹkan gidi ń bẹ nínú oje tí a ń tu dànù lárààárọ̀.

Ní ọdún 1987, Rotimi àti Mosadomi, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Èkó, gbé irú orín mẹ́sàn-án tí a ń lò nílẹ̀ Áfíríkà yẹ̀ wò sí àwọn kòkòrò ẹnu tí wọn kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, ìyẹn àwọn tí ń sá pamọ́ sí abẹ́ èrìgì. Ní ọdún 1988, àwọn méjèèjì àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà tún tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde lórí àwọn kòkòrò tí ń ba ìdí eyín jẹ́. Wọ́n rí i pé oje orín lágbára lórí wọn, ṣùgbọ́n agbára igi kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Nípa ti arak, igi tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe síwáàkì, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko ń jẹ́ Salvadora persica, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Sweden fi hàn ní ọdún 2011 pé èròjà kan tí ń jẹ́ benzyl isothiocyanate, tí ó wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń pa kòkòrò. Ẹni tí ó bá ti jẹ hóró ìbẹ́pẹ rí mọ bí ó ṣe ń ta lẹ́nu. Èròjà yìí kan náà wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti gba àwọn ènìyàn níyànjú ní ọdún 1987 pé kí wọ́n máa lo orín níbi tí ó ti jẹ́ àṣà wọn.

ÀWỌN IGI TÍ A MỌ̀

Nínú àwọn igi tí a ń run ní agbègbè wa, ẹ jẹ́ kí á mẹ́nu ba díẹ̀:

1. Orín àtà. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Zanthoxylum zanthoxyloides; àwọn ìwé àtijọ́ ń pè é ní Fagara. Gbòǹgbò rẹ̀ ni a sábà máa ń lò. A máa ta lẹ́nu, a sì máa mú kí ahọ́n kú tipiri fún ìgbà díẹ̀.

2. Pákò Ìjẹ̀bú. Massularia acuminata ni. Inú igbó tútù ìsàlẹ̀ ni ó ti ń hù, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó o wá sí ìlú wa.

3. Àyin. Igi ọ̀dàn ni èyí, ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí ibi tí ó ti ń hù. Oje rẹ̀ a máa mú ẹnu fún pọ̀, nítorí pé ó ní èròjà tí ń fún ara pọ̀, irú èyí tí a ń bá nínú obì àti èèpo igi tí a fi ń ṣe awọ.

4. Ewúro. Igi ewúro tí a ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀ ni. Ìkorò rẹ̀ a máa mú kí itọ́ ya, itọ́ sì ni omi tí Ọlọ́hun fi ń fọ ẹnu.

5. Orógbó. Kì í ṣe èso rẹ̀ nìkan ni ó wúlò. Ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ náà a máa ṣe orín.

6. Dógóyárò. Láti ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti mú un wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ti ẹnu àwọn Hausa wá: dogon yaro, ìyẹn ọmọkùnrin gíga. Àwọn Hausa kan náà ni wọ́n ń pe orín ní aswaki, láti ara síwáàkì ti èdè Lárúbáwá. Nítorí náà, ní Sábó, ibi tí Hausa àti Yorùbá ti ń ná ọjà kan náà, ọ̀rọ̀ súnnà ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kí wọ́n tó mọ̀ pé súnnà ni.

Ẹ ṣọ́ra o. Kì í ṣe gbogbo igi ni a ń gé sẹ́nu. Igi tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, tàbí tí oje funfun rẹ̀ ń jóni lára, ẹ fi í sílẹ̀.

ÀWO ÀYẸ̀WÒ KÌ Í ṢE ẸNU

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Wọn a ní àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé dógóyárò ń pa kòkòrò eyín, nítorí náà kí ẹni tí eyín ń dùn lọ máa se é mu. Ẹ jẹ́ kí á fi ara balẹ̀.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á da oje igi tí wọ́n ti fún nípọn sórí kòkòrò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nínú ẹnu, itọ́ ń ṣàn, ènìyàn ń gbé e mì, ó ń tu ú, oje náà kò sì lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nínú àwo, kòkòrò wà ní ìta gbangba. Nínú ẹnu, ó wà nínú ilé tí ó fi ìdọ̀tí kọ́, bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Omi oògùn tí a dà sórí òrùlé kì í tètè kan ẹni tí ó wà nínú yàrá. Ìdí nìyí tí fífọ̀ fi ṣe pàtàkì ju oje lọ: a ní láti kọ́kọ́ wó ilé náà, kí oje tó lè bá àwọn tí ń gbé inú rẹ̀.

Ohun kejì ni pé oje igi kò lè dí ihò tí ó ti dá sí eyín. Bí awọ líle eyín bá ti lu, kò sí igi tí ó lè mú un hù padà. Dókítà eyín nìkan ni ó lè dí i. Ìdọ̀tí tí ó ti gan bí òkúta náà kò ní gbọ́ ti orín mọ́. Irin ni wọ́n fi ń fá a.

Ohun kẹta ni pé ọṣẹ ìfọyín tí a ń rà lónìí sábà máa ń ní flúráìdì, èyí tí ń mú kí awọ eyín le sí i, tí ń sì dènà ihò. Nítorí náà kò yẹ kí á sọ orín àti búrọ́ọ̀ṣì di ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ó bá fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu ní àárọ̀ àti kí ó tó sùn, tí ó sì ń run orín ní àkókò ìrun, ó ti mú méjèèjì.

SÍWÁÀKÌ NÍNÚ Ẹ̀SÌN

Nínú hádíìsì tí Abu Hurayrah gbà wá, tí ó sì wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, a gbọ́ pé bí kì í bá ṣe pé Ànábì kò fẹ́ ni ìjọ rẹ̀ lára, ì bá pa á láṣẹ fún wọn láti máa run síwáàkì nígbà gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ kírun. A tún gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Àíṣà pé síwáàkì jẹ́ ìmọ́tótó fún ẹnu àti ohun tí ń mú Ọlọ́hun yọ́nú. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ayé Ànábì pàápàá, nígbà tí àìsàn ti mú un balẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára igi síwáàkì tí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, Abdur-Rahman. Àíṣà gbà á, ó fi eyín rọ̀ ọ́, ó sì fún un, ó sì fi fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Ẹ wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò sọ ọ́ di dandan, kí ó má baà ni ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ó so ó mọ́ ìrun, ìrun sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé èyí kò ní fún ìdọ̀tí ní àyè láti gan sára eyín rẹ̀. Láti ìrun ọ̀sán títí di Ìṣáì, kò ní sí ìgbà tí ẹnu yóò wà láìfọ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Àwọn kan ń bèèrè bóyá arak nìkan ni síwáàkì. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sọ pé arak ni ó dára jù, ṣùgbọ́n igi mímọ́ mìíràn tí ń fọ ẹnu, tí kò sì ní ènìyàn lára, lè ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí èyí tí àwọn alálàájì ń mú bọ̀ láti Mọ́kà, kí ó mú orín àtà tàbí àyin, kí ó sì ní èrò súnnà lọ́kàn.

Ní ti ààwẹ̀, a kò fi síwáàkì du alááwẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ojú ọ̀nà Imam Màlík, tí ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, kò fẹ́ kí alááwẹ̀ lo èyí tí ó tutù, tí oje rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sọ́nà ọ̀fun. Orín àtà tútù tí ń ta, ẹ jẹ́ kí ó di ìgbà sàárì tàbí lẹ́yìn ìṣínu. Gbígbẹ ni kí ẹ lò ní ọ̀sán, kí ẹ sì tu itọ́ rẹ̀ dànù. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá rú yín lójú, ẹ bi ààfáà yín.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

1. Ẹ ra orín tí ó ṣì tutù díẹ̀, tí kò ní èbu. Kí ó má ju ìwọ̀n ìka kékeré lọ ní sísanra.

2. Ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ti gba ilẹ̀ ọjà àti eruku mọ́tò kọjá. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ rẹ orí rẹ̀ sínú omi fún ìgbà díẹ̀.

3. Ẹ run orí rẹ̀ títí yóò fi di búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ẹni tí ó fi orí líle họ eyín ń ṣe ara rẹ̀ léṣe.

4. Láti ìdí eyín bọ̀ sí orí rẹ̀ ni kí ẹ máa gbá a, kí ẹ má ṣe máa fi ipá fà á láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Ẹni tí ó ń fi ipá fà á, èrìgì rẹ̀ yóò máa sún sókè, ìdí eyín yóò sì ṣí sílẹ̀ fún òtútù.

5. Ẹ má fi mọ sí eyín iwájú tí àwọn ènìyàn ń rí. Ẹ̀yìn eyín níhà ọ̀dọ̀ ahọ́n, àti eyín ńlá ti inú pátápátá, ni orín kì í sábà dé, ibẹ̀ sì ni ihò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbá ahọ́n náà pẹ̀lú.

6. Ẹ yọ ẹnu nù. Ẹ gé orí tí ẹ ti lò dànù ní ojoojúmọ́, kí ẹ sì run tuntun. Ẹ má ṣe fi orín yín sínú àpò pẹ̀lú owó.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa obìnrin tí ẹ wà nínú oyún, ẹ gbọ́ èyí. Èrìgì a máa tètè wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú oyún, nítorí àyípadà tí ń bá ara. Àwọn kan a torí ẹ̀jẹ̀ yìí dẹ́kun fífọ ẹnu. Àìfọ̀ ni yóò mú un burú sí i. Ẹ máa fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àyẹ̀wò.

ÌGBÀ TÍ ORÍN KÒ TÓ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi yìí ni ó ń dùn wá jù. Ènìyàn lè ní eyín tí ń dùn ún fún oṣù mẹ́fà, kí ó máa ti egbò igi kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan a tú kápúsù apakòkòrò sínú ihò eyín. Àwọn mìíràn a da omi bátìrì mọ́tò tàbí pẹtiróòlù sí i. Omi bátìrì yóò jó èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ihò eyín yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kápúsù tí a ń lò láìsí àṣẹ dókítà, tí a kò sì lò tán, ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe máa sá fún oògùn ni. Lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá dé, oògùn náà lè má ràn án mọ́.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má dúró ti orín: eyín tí ń dùn ju ọjọ́ méjì lọ tàbí tí kì í jẹ́ kí á sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wú, ibà pẹ̀lú eyín dídùn, ẹnu tí kò ṣe é là dáadáa, èrìgì tí ń da ọyún, eyín àgbàlagbà tí ń mì, egbò ẹnu tí kò jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà eyín. Omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a fi yọ ẹnu lè dín ìrora kù títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn.

Àrùn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí àti ẹ̀gbọ́n mọ̀. Noma ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé tí oúnjẹ kò tó, pàápàá tí ìta tàbí ibà bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọn, ni ó sábà máa ń bá. Láti ara èrìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń rùn, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lu. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí ó mú ni ó ń pa, ẹni tí ó bá sì yè é, ojú rẹ̀ yóò ní àbùkù. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Láti ọdún 1999 ni ilé ìwòsàn tí a dá sílẹ̀ fún un ti wà ní Sókótó, ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi í kún àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Bí a bá tètè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, oògùn àti oúnjẹ gidi ń dá a dúró. Ẹni tí ó bá ń fi oje igi ra èrìgì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ti fi ọ̀sẹ̀ tí a lè fi gbà á là ṣòfò.

Ẹ má sì fún ọmọ kékeré ní epo dógóyárò mu nítorí pé igi rẹ̀ dára fún eyín. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ léṣe. Ohun tí a ń run tí a sì ń tu dànù yàtọ̀ sí ohun tí a ń gbé mì.

KÍ IGI MÁ BAÀ TÁN

Orín àtà tí a ń ra ní ìdì kọ̀ọ̀kan, gbòǹgbò ni. Ẹni tí ó bá wú gbòǹgbò, igi ni ó pa. Bí gbogbo wa bá padà sí orín, tí a kò sì gbin ẹyọ kan, àwọn ọmọ wa yóò máa kà nípa orín àtà nínú ìwé ni. Ẹ̀ka igi ewúro àti ti dógóyárò kì í nira láti gbìn sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-kéwú, a sì lè máa gé ẹ̀ka wọn láìpa igi náà. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó bá gbin igi mẹ́wàá ti ṣe sàdákà fún ẹni tí kò tíì bí.

Ní àkótán, orín kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í sì í ṣe ìdáhùn sí gbogbo àìsàn ẹnu. Ọlọ́hun fi agbára sínú igi, Ó sì fún àwọn kan ní ìmọ̀ láti dí eyín tí ó lu. Ẹni tí ó bá lo méjèèjì, olúwarẹ̀ ni ó mọ oore.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ Ọ̀SẸ̀

1. Iṣẹ́ méjì wo ni orín ń ṣe nínú ẹnu, èwo ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì?

2. Kí ni ìdí tí oje tí ó pa kòkòrò nínú yàrá àyẹ̀wò fi lè má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹnu?

3. Kí ni o máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ tí ó ń tu kápúsù sínú ihò eyín?

4. Ta ni nínú ilé rẹ tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀? Kí ni ẹ ó ṣe sí i kí oṣù yìí tó parí?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà ẹnu àti ti ọkàn, kí Ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu wa jáde mọ́ bí ẹnu náà ti mọ́. Àmín.